Ìgò Kan, Oògùn Méjì

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú àwọn ìyá ọlọ́jà àtàwọn tó ń ta oògùn ládùúgbò wa n'Ìbàdàn. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́, àyàfi ibi tí makirofóònù ti daṣẹ́ sílẹ̀.)

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí oògùn, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ojú nílẹ̀ Yorùbá, òwe alákàn ló kọ́kọ́ ń pa. Mo ní kí alákàn lọ sinmi lónìí. Ìgò ni mo mú wá.

Òun nìyí. Kò ga tó ìka àárín mi, mílílítà 5 péré ló gbà. Lára páálí rẹ̀, wọ́n kọ betamethasone, wọ́n kọ neomycin, wọ́n wá ya ojú kan àti etí kan sísàlẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú báàgì mi níbí: dexamethasone pẹ̀lú tobramycin, hydrocortisone pẹ̀lú gentamicin, àtèyí tó ní dexamethasone, neomycin àti polymyxin B lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọ̀ páálí ò jọra, owó ò jọra, àmọ́ ọgbọ́n kan náà ni wọ́n fi pò wọ́n: oògùn apakòkòrò lápá kan, sítẹ́rọ́ìdì lápá kejì. Ẹni tí kò bá lè ka orúkọ gígùn yẹn tán, kó wo ìdí rẹ̀. Èyí tó bá parí sí "sone" tàbí "lone", sítẹ́rọ́ìdì nìyẹn.

Àwọn oníbàárà wa kì í pe orúkọ wọ̀nyẹn. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Ẹ fún mi lóògùn ojú tó máa ń tètè ṣiṣẹ́ yẹn." Tètè ṣiṣẹ́ yẹn gan-an ló mú mi wá síbí.

Ẹ fojú inú wò ó pé olè wọ àdúgbò lóru. Àwọn èèyàn figbe ta, iná ń tàn lójúlé gbogbo, àwọn ọ̀dọ́ tú jáde, wọ́n ń sáré, wọ́n ń wó ọgbà onílé torí pé wọ́n ń wá olè. Ariwo yẹn ni ojú tó pọ́n, òun ni wíwú, òun ni yíyún àti omi tó ń dà. Ara ló ń pariwo olè. Oògùn apakòkòrò ni ọdẹ tó gbé ìbọn. Sítẹ́rọ́ìdì ní tiẹ̀ ò mú olè kankan rí láyé ẹ̀. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, kó máa wí pé, "Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ paná, ẹ wọlé lọ sùn."

Tí ọdẹ bá ti mú olè, iṣẹ́ ńlá lẹni yẹn ṣe, torí pé ariwo náà lè ba nǹkan jẹ́ ju olè lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé olè yẹn kì í ṣe irú èyí tí ìbọn ọdẹ wa ń bá ńkọ́? Gbogbo àdúgbò ti sùn. Olè ò sùn. Ilẹ̀ mọ́, ojú ti mọ́ kedere, ìyá ọmọ ní, "Ẹ ò rí i pé oògùn yìí dáa!" Ta ló ṣiṣẹ́? Ẹni tó ní kí wọ́n lọ sùn ni.

Ẹ jẹ́ ká mú Àpólò. Gbogbo wa la mọ Àpólò, kò sílé tí kò dé rí. Ṣé ẹ mọ ibi tí orúkọ yẹn ti wá? Lọ́dún 1969, àrùn ojú kan bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà níbí, tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ sun sínú funfun ojú, tó sì ń ràn bí iná ọyẹ́. Ọdún yẹn náà, ní oṣù keje, ni ọkọ̀ Apollo 11 gbé àwọn ará Amẹ́ríkà dé inú òṣùpá. Ẹnu àwọn èèyàn so méjèèjì pọ̀. Àwọn onímọ̀ wá rí i pé fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní enterovirus 70 ló wà nídìí ẹ̀, òṣùpá ò mọwọ́ mẹsẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ti lẹ̀.

Fáírọ́ọ̀sì ni mo wí. Neomycin ò rí i, gentamicin ò rí i, kò sí oògùn apakòkòrò kan tó wà nínú báàgì mi yìí tó lè ṣe é ní nǹkan kan. Àpólò á pọ́n, á ta, á dami, láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ á kó ẹrù ẹ̀. Aṣọ mímọ́ tí ẹ fi omi tútù rẹ, ọwọ́ tí ẹ ń fọ̀, kí tówẹ̀lì oníkálukú dá wà lọ́tọ̀, ìyẹn ló pọ̀ jù nínú ìtọ́jú ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa fà mí sẹ́yìn lẹ́yìn ìpàdé pé ìtọ̀ lòun fi wo tòun, ó sì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ìbá lọ bí ẹ ò tiẹ̀ fi nǹkan kan sí i. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ lè gbé kòkòrò tó burú ju Àpólò lọ síbẹ̀, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́.

Ti Àpólò tiẹ̀ dẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì míì wà, èyí tó máa ń jẹ́ kí ẹnu tú roro lẹ́yìn ibà. Òun náà máa ń wọ ojú, á gbẹ́ ọgbẹ́ sára awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú, ọgbẹ́ tó pẹ̀ka bí ẹ̀ka igi. Ẹni tó bá kán sítẹ́rọ́ìdì sírú ojú bẹ́ẹ̀ ti ní kí àdúgbò sùn nígbà tí olè ṣì ń kó ẹrù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àgbẹ̀ tí ewé àgbàdo ge lójú. Èbu, irú èyí tó ń hù lára búrẹ́dì, lè gba ojú ọgbẹ́ yẹn wọlé, á wá máa jẹ awọ náà lọ títí táá fi lu. Irú àwọn olójú bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, nítorí pé ìrora wọn fúyẹ́ fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́.

Mo fẹ́ sọ ohun tí mi ò kì í sọ níbi tí èèyàn pọ̀ sí báyìí.

Mò ń kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kan nígbà yẹn. Ìyá kan máa ń wá bá wa, tòun ti ọmọ ẹ̀ ọkùnrin tí kò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ. Ojú ń yún ọmọ náà, pàápàá tí ọyẹ́ bá ti mú. Á fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra á, á ra á, funfun ojú ẹ̀ ti di àwọ̀ omi ẹrẹ̀, ipin ojú ẹ̀ sì ń fà yọ̀ọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ẹni tó bá ti rí ipin tó ń fà bẹ́ẹ̀ kò ní gbàgbé ẹ̀. Kì í ṣe kòkòrò ló ń ṣe é rárá. Ara ẹ̀ ló kọ eruku, ó kọ ooru, kì í sì í ran ẹlòmíì. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ṣe, tí wọ́n bá ti ń dàgbà, á máa dẹwọ́ fún wọn.

Ọ̀gá mi fún un ní ìgò yìí. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ ń ṣeré. Ìyá padà wá dúpẹ́, ó tún ra ìgò kan sílẹ̀. Látìgbà yẹn kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa mọ́. Á na páálí òfìfo, á na owó, a óò fún un. Èmi fúnra mi gba owó yẹn ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Mo tún máa ń fún ọmọ náà ní súìtì.

Ó tó bí ọdún méjì kó tó wá lọ́jọ́ kan láì mú páálí dání. Tíṣà ló kọ́kọ́ rí i pé ọmọ náà ń yí orí kó tó rí ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó. Nílé, ó ń kọlu bàsíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú, wọ́n wọn ìfúnpá inú ojú ẹ̀, wọ́n ní ó ti ga jù, wọ́n ní iṣan tó ń gbé ìran lọ sínú ọpọlọ ti kú lápá tó pọ̀. Obìnrin náà bi mí pé, "Ṣé oògùn tí mò ń rà lọ́dọ̀ yín ló fà á?" Kò pariwo. Mo sọ pé mi ò mọ̀. Òótọ́ ni, mi ò mọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Inú ẹyinjú kì í gbẹ. Omi kan wà níwájú inú ẹ̀ tí ara ń pèsè tọ̀sántòru, kì í ṣe omijé o, omijé wà lóde. Omi yìí ní asẹ́ kan tó ń gbà jáde. Tí sítẹ́rọ́ìdì bá pẹ́ lójú, asẹ́ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Omi ń wọlé, kò ráyè jáde tó bó ṣe yẹ, ìfúnpá ń gòkè. Lára ojú tó dá ṣáṣá, ó sábà máa ń wà láàárín 10 sí 21 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ tó sì pẹ́, á máa tẹ iṣan tó wà lẹ́yìn ojú, iṣan tí okùn tín-ín-tìn-ìn-tín inú ẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Ẹ̀gbẹ́ ìran ló kọ́kọ́ ń lọ, àárín á ṣì mọ́, ìdí nìyẹn tí ọmọ yẹn fi rí ìyá ẹ̀ tí kò rí bàsíà. Kì í dunni. Kì í pọ́n. Gúlókómà lorúkọ ẹ̀, okùn tó bá sì ti kú nínú iṣan yẹn kì í hù padà.

Kì í ṣe gbogbo ojú ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lÁmẹ́ríkà láwọn ọdún 1960 fi hàn pé tí èèyàn bá ń kán sítẹ́rọ́ìdì sójú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nínú ẹni mẹ́ta, ìfúnpá ojú ẹnì kan á gòkè níwọ̀nba. Nínú 100, nǹkan bí ẹni 5 ni tiwọn máa ń ga gan-an. Ẹni tí gúlókómà bá wà nídìílé ẹ̀ ló yẹ kó bẹ̀rù jù. Ìdílé yẹn ò sì ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ìwádìí ìfọ́jú tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 rí i pé nínú 100 ẹni tó ti pé ọdún 40 sókè, ó lé ní 4 tó fọ́jú. Kátárààtì, ìyẹn kí awò inú ẹyinjú ṣú bí ìkùukùu, ló fọ́ èyí tó pọ̀ jù lójú, gúlókómà ló tẹ̀ lé e. Ó dùn mí láti sọ fún yín pé sítẹ́rọ́ìdì tó bá pẹ́ lójú lè fa kátárààtì náà.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, ìtàn yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà lÁmẹ́ríkà tó ń jẹ́ Percy Julian. Montgomery ní ìpínlẹ̀ Alabama ni wọ́n bí i sí ní 1899, ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n fi ṣe ẹrú ni. Lọ́dún 1935, ó fi ọgbọ́n kẹ́mísírì ṣe physostigmine, oògùn tó jẹ́ pé inú ẹ̀wà Calabar ni wọ́n ti ń yọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Calabar tiwa níbí ni mo wí o. Láyé àtijọ́, àwọn Ẹ́fíìkì máa ń fún ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó jẹ́ àjẹ́ ní ẹ̀wà náà jẹ, ẹni tó bá yè é ni kò jẹ̀bi. Oògùn tí wọ́n yọ nínú májèlé yẹn ni wọ́n ń lò nígbà yẹn láti fi rọ ìfúnpá ojú wálẹ̀ fún àwọn tó ní gúlókómà. Nígbà tó yá, Julian kọjú sí ẹ̀wà sóyà, ó sì wá ọ̀nà tí wọ́n fi lè ṣe àwọn oògùn ìdílé cortisone, ìyẹn sítẹ́rọ́ìdì, kí owó ẹ̀ má ga jù. Ọkùnrin kan ṣoṣo! Ọwọ́ ọ̀tún mú oògùn gúlókómà, ọwọ́ òsì mú èyí tó lè fà á.

Ẹni tí dókítà kọ ìgò yìí fún, ẹ má torí ọ̀rọ̀ mi sọ ọ́ nù. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kátárààtì, ojú máa ń pariwo, ó sì nílò ẹni tó máa ní kó sùn, kó sì tún nílò ọdẹ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á ní kí ẹ máa kán an fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n á máa dín in kù, wọ́n á máa pè yín padà wá wò ó. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè yín padà fún yẹn ló yàtọ̀ sí tiwa ní ṣọ́ọ̀bù.

Ó yá, etí. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń yin ìgò yìí jù. Ihò etí àgbàlagbà ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ààbọ̀ lọ kéèyàn tó kan ìlù etí. Ẹni tó fi ìyẹ́ adìẹ ha á, tàbí kọ́kọ́rọ́, tàbí ìdérí báírò (mo rí yín, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀), tàbí tó lọ lúwẹ̀ẹ́ tí omi rọ síbẹ̀, ara ihò náà lè bó, kí kòkòrò wọ̀ ọ́, kó wú títí táá fi dí. Ẹ fọwọ́ kan etí onítọ̀hún lásán, á fò sókè. Níbẹ̀, sítẹ́rọ́ìdì á fa wíwú yẹn sẹ́yìn, apakòkòrò á ráyè kọjá. Wọ́n bá ara wọn mu.

Etí tó ti ń ṣọyún tipẹ́tipẹ́, tí ìlù ẹ̀ ti lu, yàtọ̀ sí ìyẹn. Lẹ́yìn ìlù etí, egungun kékeré kan wà nínú lọ́hùn-ún tó ká bí ìkarahun ìgbín, inú ẹ̀ ni àwọn irun tín-ín-rín tó ń gba ohùn wà. Neomycin àti gentamicin lè gba ojú ihò ìlù yẹn dé ọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n sì pa wọ́n. Àwọn náà kì í hù padà. Ọyún á gbẹ, etí á di. Dókítà tó bá rí ìlù tó lu máa ń sábà yan ciprofloxacin tàbí ofloxacin, á sì kọ́ ìyá bó ṣe máa lọ́ tíṣù mímọ́ bí òwú àtùpà, táá fi máa fa ọyún gbẹ kó tó kán oògùn. Etí tí ọyún kún, oògùn ò ráyè nínú ẹ̀.

Etí tó kàn ń yún ṣáá ńkọ́? Ó lè jẹ́ èbu. Mo ti bá dókítà etí kan wo inú etí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí: èbu funfun bí òwú, eruku dúdú fíntínfíntín lórí ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èyí tó wà lára búrẹ́dì ọjọ́ karùn-ún. Oṣù mẹ́ta ni ọkùnrin náà ti fi ń kán ìgò yìí sí i. Sítẹ́rọ́ìdì ń ní kí yíyún sùn, èbu ń jẹun. Àgbàlagbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí etí ń ro lóru tí kò jẹ́ kó sùn, ẹ má kán ohunkóhun sí i, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Àti pé oògùn ojú lè wọ etí tí dókítà bá ní kó wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n oògùn etí ò gbọdọ̀ wọ ojú láé. Wọn ò fi ìmọ́tótó tí wọ́n fi ṣe ti ojú ṣe é, òmíràn nínú wọn sì kan gan-an.

Mo pe arábìnrin kan jáde níbí, mo fi omijé àtọwọ́dá lásán fi bí wọ́n ṣe ń kán oògùn ojú hàn, kí gbogbo wọn lè rí i. Ẹ wo ọwọ́ mi, mo ti fọ̀ ọ́. Mo mi ìgò, torí pé sítẹ́rọ́ìdì inú àwọn kan máa ń sùn sísàlẹ̀ bí ògì lábẹ́ omidùn, ẹni tí kò bá mì ín, omidùn ló ń kán. Mo fi ìka fa ìpénpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ó di àpò. Ẹ̀kán kan. Ẹnu ìgò ò kan irun ojú. Ó pajú dé, ó fi ìka tẹ igun ojú lẹ́bàá imú fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, nítorí ihò kékeré tó wà níbẹ̀ já sínú imú àti ọ̀fun. Òun ló ń jẹ́ kí oògùn ojú korò lẹ́nu. Ẹnì kan bi mí pé ṣé ẹ̀kán kan tó. Àyè tó wà lójú ò ju bíi máíkírólítà 30 lọ, ẹ̀kán kan sì máa ń tó 50. Tẹ́ ẹ bá kán ìkejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ̀ ń tọ́jú.

Ti etí, ẹ kọ́kọ́ di ìgò mọ́wọ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, oògùn tútù máa ń jẹ́ kí ilé yí mọ́ni lórí. Ẹ fa etí àgbà sókè sẹ́yìn, ti ọmọ kékeré sísàlẹ̀ sẹ́yìn, kó dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí ìgò, ẹ kọ ọjọ́ náà sí i lára. Tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kódà kó kù ìdajì, ẹ sọ ọ́ nù.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, tá ò bá tà á, ṣọ́ọ̀bù kejì á tà á. Kí la fẹ́ ṣe?" Òótọ́ ló sọ, mi ò sì ní irọ́ tí mo fẹ́ pa fún un. Mo ní kó máa bèèrè ìwé dókítà. Ẹni tí kò bá ní, kó bi í bóyá ojú náà ń dùn ún, bóyá ìmọ́lẹ̀ ń ta á, bóyá ìran ẹ̀ ti ṣú, bóyá nǹkan gún un. Tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan péré, ilé ìwòsàn lónìí, kì í ṣe lọ́la. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, omi tútù àti sùúrù, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, mo mọ̀.

Ẹni tó béèrè kẹ́yìn ni ìyá àgbà kan lápá òsì. Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n yọ ìgò kékeré kan. Wọ́n ní ó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n ṣe ojú fáwọn lọ́dún tó kọjá, àwọn sì ti ń rà á kún un, ọmọ-ọmọ àwọn làwọn fi ń kán fún tójú bá ti ń yún un. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Lẹ́tà ara ẹ̀ ti ń pa rẹ́, àmọ́ ìparí orúkọ náà ṣì hàn: sone.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Mẹ́fà."

"Ìgbà wo lẹ ti bẹ̀rẹ̀?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka oṣù. Nígbà tí wọ́n ka dé ọwọ́ kejì, wọ́n dákẹ́, wọ́n yí orí wo ọmọ náà tó ń gbá ìdérí ìgò kiri lẹ́yìn àwọn àga.